Awọ́ra Ẹnu Géètì Jakande

Nígbà tí Morọ́lá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́nu géètì Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kọ sára pátákó rẹ̀: "Máṣáàjì Morọ́lá." Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Lọ́kàn tiẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, tí ọrùn rẹ̀ bá gan, yóò rí pátákó náà, yóò sì yà wọlé. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìkẹjà, kí wọ́n tó ti ẹ̀ka iṣẹ́ náà pa, tí wọ́n ní kó gbé bẹ́ẹ̀dì tó ń lò lọ dípò àjẹmọ́nú. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, apá rẹ̀ le bí apá ẹni tó ń gúnyán fún odidi agbo ilé, kò sì lọ́kọ. Ohun tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ará ẹ́sítéètì kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, òun náà ni wọn ò gbàgbé.

Ọ̀dà ara pátákó kò tíì gbẹ tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá.

"Ẹ káàsán o, àǹtí. Mo rí pátákó yín. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín yẹn, ṣé jàárá wà níbẹ̀?"

"Jàárá bíi ti kí ni, sà?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá wọ́ ara tán."

"Ó wà," ni Morọ́lá wí. "Tí mo bá wọ́ ara yín tán, màá bá yín wọ́ etí, kí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín lè máa ráyè wọlé."

Ọkùnrin náà pa fóònù. Ṣùgbọ́n òmíràn pè, òmíràn tún pè. Ẹnì kan tilẹ̀ pè láti ibi ìṣọ́ òru, Morọ́lá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ìyìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá dà bíi pé kò sí ẹ̀yìn tó ń dun ọkùnrin kankan ní gbogbo Ìsọlọ̀. Ibòmíràn ló ń dùn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà sú Morọ́lá. Ó ní kí akunlé kan bá òun pa "Máṣáàjì" rẹ́, kó kọ "Ìwọ́ra" síbẹ̀, ó ṣe tán Yorùbá ni gbogbo wa. Àwọn oníjàárá ò pè mọ́ lóòótọ́. Àwọn tó wá rọ́pò wọn ló tún le. Wọ́n ń wá béèrè bóyá ó ń to eegun. Ọ̀kan fẹ́ kó wọ́ ikùn aboyún kí ọmọ lè jẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin kan sì gbé àgbò kan tẹsẹ̀ ẹ̀ rọ́ wá, ó ní Iléyá kù díẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí àna òun rí i pé ẹran òun ń tiro.

Sẹ̀kínátù, ọmọ Ìwó tó ń ta páńpásì àti mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Morọ́lá, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Morọ́lá, gbọ́ mi. Kọ ọsibítù síbẹ̀. Wàá rí bí wọ́n á ṣe tò."

"Kí ìjọba wá kó mi ńkọ́?"

"Ó dáa, kọ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó máa kó ẹ."

Ohun tí Sẹ̀kínátù fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí, kò pẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ.

Obìnrin kan wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú ẹ́sítéètì náà, Ìyá Ṣemílọ́rẹ ni wọ́n ń pè é. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó ni, ó sì wà lára àwọn tó ń jókòó síwájú gan-an nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti gan ó tó ọdún kan. Kò lè sá aṣọ, kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a há bọ́tìnnì ẹ̀yìn. Ó ti lo oògùn títí inú fi ń run ún. Nígbà tó gbọ́ pé Morọ́lá ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ó ránṣẹ́ pè é. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù o. Ó ránṣẹ́ ni.

"Kò sóhun tó burú nínú iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi," ni ìyá náà wí nígbà tí Morọ́lá dé. "Ṣùgbọ́n o mọ bí àwọn èèyàn ṣe rí. Ọ̀sán ni kó o máa wá, nígbà táwọn èèyàn bá ti lọ síbi iṣẹ́. Kó o sì máa gbé téèpù tẹ́lọ̀ kọ́rùn."

"Téèpù, mà?"

"Kí wọ́n lè rò pé aṣọ lo wá wọ̀n fún mi."

Morọ́lá wo ìyá náà, ó wo èjìká tó gbé sókè ju ìkejì lọ bíi pé ó fẹ́ bá etí sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó nílò oníbàárà. Ó lọ ra téèpù.

Ìyá Ṣemílọ́rẹ tún fún un ní ìgò òróró kan, òróró ìyàsímímọ́ tí wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà sí. Ó ní ti òun ni kó máa lò, òun ò fẹ́ kí òróró tí òun ò mọ orísun rẹ̀ kan òun lára. Òróró ni òróró ń jẹ́ lójú Morọ́lá. Ó dà á sọ́wọ́, ó fi ra iṣan tó ti le bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìyá náà ké. Kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ igbe, nítorí náà ó yí igbe náà padà sí àdúrà. Bí Morọ́lá bá ti tẹ ibì kan báyìí, á ní "Jéésùùù!", àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì dáhùn "Àmín!" láti ojú fèrèsé.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èjìká náà ò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ìyá náà lè fọwọ́ kan àyà rẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn náà, ó kan orí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró síwájú dígí, ó wé gèlè fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bú sẹ́kún. Ó dì mọ́ Morọ́lá pẹ̀lú òróró lára, ó súre fún un títí ẹnu fi kan.

"Ìgbà wo lo máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?" ló bi í.

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, mà. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tí kì í yí."

"Àà! Ó dáa. Má pa ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí jẹ o."

Morọ́lá rò pé wọ́n fẹ́ dárúkọ òun ni. Ó lọ ṣe irun rẹ̀. Ó wọ bùláòsì tuntun.

Ọjọ́ Ìsinmi pé, Ìyá Ṣemílọ́rẹ bọ́ síwájú ìjọ, ó gba maíkì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ọwọ́ mi ọ̀tún yìí, ó ti kú. Àwọn dókítà ṣe é tì. Ẹ̀yin náà ń rí mi. Ṣùgbọ́n mo gba òróró ìyàsímímọ́ lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì, a fi wọ́ èjìká yìí, mo ń ké pe orúkọ Jésù. Ará ìsàlẹ̀ wa ẹlẹ́rìí mi ni! Ẹ wò ó!"

Ó na ọwọ́ náà sókè ṣánṣán. Ìjọ bú sáriwo. Wòlíì dìde, ó jó yí pẹpẹ ká. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mi orí pé òótọ́ ni, àwọn gbọ́ ọ.

Ìyá náà ò purọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ tó mú òróró ló kàn yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Morọ́lá pẹ̀lú pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ níbi ẹ̀rí, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ìyá Ṣemílọ́rẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sọ̀rọ̀ láìwojú rẹ̀.

"Má bínú o, ọmọ mi. Ògo Ọlọ́run ni."

"Mo mọ̀, mà," ni Morọ́lá dáhùn. "Èmi àti Ọlọ́run la jọ ṣe é. Òun ni ẹ ò sọ pé kó gbé téèpù kọ́rùn."

Òróró tán pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tí orúnkún ń dùn, gbogbo ẹni tí ìbàdí ń dùn, ló gba tirẹ̀ lọ sílé. Wọ́n fi para, wọ́n ké, wọ́n dúró. Orúnkún ò gbọ́. Wọ́n bá gba ilé Ìyá Ṣemílọ́rẹ lọ láti béèrè bó ṣe lo tiẹ̀. Ìyá náà fà wọ́n wọ ilé ìdáná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ nọ́ńbà Morọ́lá fún wọn wúyẹ́wúyẹ́, ó ní kí wọ́n má sọ pé òun ló sọ.

Bí iṣẹ́ ṣe dé nìyẹn. Ìyá tó ń darí akọrin wá nítorí ìbàdí. Akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wá nítorí ọrùn. Kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn kan ní kó wá sílé pẹ̀lú téèpù. Téèpù yìí lókìkí débi pé obìnrin kan láti búlọ́ọ̀kù kejì gbé léèsì wá fún un, ó ní gbogbo àwọn ńlá ẹ́sítéètì ló ń lò ó, kó jọ̀ọ́ bá òun rán bùbá tí kò ní fún òun lábíyá.

Alàgbà Adéjùmọ̀ ló ṣòro jù. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ́sítéètì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn tó fi tì náà ló wá ń dà á láàmú. Ó pè, ó ní òun fẹ́ wá, ṣùgbọ́n òun ò lè gba iwájú.

"Alàgbà, gọ́tà ló wà lẹ́yìn, sà," ni Morọ́lá wí.

"Pákó ò sí níbẹ̀ ni?"

Pákó wà níbẹ̀, ẹyọ kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń mì. Lórí rẹ̀ ni Alàgbà Adéjùmọ̀, tí kò lè tẹ̀ wọ bàtà, ń gbà ré gọ́tà kọjá bí ẹyẹ lékelèké. Á gba inú yàrá tí Sẹ̀kínátù ń kó ọjà sí, láàárín páálí páńpásì, á yọ sí yàrá Morọ́lá. Tó bá ti dùbúlẹ̀, ipò alága á bọ́ lára rẹ̀. Á máa kérora, "Ibẹ̀ yẹn gan-an, yéè, ta ló sọ ibẹ̀ fún ẹ?" Láìpẹ́, á máa hanrun. Tó bá jí, á ní, "Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o." Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wá nítorí orúnkún. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni, á sì kìlọ̀ pé Alàgbà ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀yìn náà lẹnì kan á ti rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé àwọn rí ọkùnrin tó ń jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn, tó ń nà, tó ń ní ara òun ti fúyẹ́. Obìnrin tí kò lọ́kọ, tó ń fọwọ́ pa ara ọlọ́kọ! Wòlíì gbọ́, ó fi wàásù. Àwọn tó pariwo "Àmín" jù lọ́jọ́ náà, Morọ́lá mọ ibi tí ń dun ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Wọ́n pe ìpàdé ní ọ̀sán Sátidé, láàárín búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n máa ń to àga sí. Wọ́n ní kí Morọ́lá wá sọ tẹnu ẹ̀. Alàgbà Adéjùmọ̀ ló ṣe alága. Ó dìde dúró ṣánṣán, ìdúró rẹ̀ wuni.

"A ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ́sítéètì wa lórúkọ. A lọ́mọ. Arábìnrin, kí gan-an niṣẹ́ yín?"

"Mo ń wọ́ ara, sà. Ara tó bá ń dunni."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

"Ara àwọn wo?" Akápò ẹgbẹ́ obìnrin ló bi í, ó yí ọrùn síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, kò sì sí ohun tó ń dí ọrùn náà lọ́wọ́. "Dárúkọ wọn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi ni, dárúkọ wọn."

Ìyá akọrin sọ ojú sórí fóònù rẹ̀. Ìyàwó Alàgbà ń wo bàtà rẹ̀. Alàgbà alára ń wo ojú ọ̀run bíi pé ó ń retí òjò. Morọ́lá wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Tó bá dárúkọ ẹyọ kan péré, ìpàdé dàrú. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun téèyàn bá rí lórí bẹ́ẹ̀dì, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń fi í sí.

"Oníbàárà mi ló lorúkọ wọn," ló wí. "Tí wọ́n bá wà níbí, kí wọ́n dárúkọ ara wọn."

Kò sẹ́ni tó lórúkọ lọ́jọ́ náà.

"Ó dáa," ni Alàgbà wí, ara tù ú. "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí obìnrin yìí kó kúrò lẹ́nu géètì wa, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ lọ sókè. Àwọn kan ń lọ́ra, wọ́n kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Láàárín gbogbo wọn, ọwọ́ kan yọ ju ìyókù lọ. Ó tọ́ ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ò tẹ̀, èjìká rẹ̀ ò gbé. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Ṣemílọ́rẹ ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Morọ́lá lọ́kàn kì í ṣe ìbínú. Ó ní, ó ti kan etí, iṣẹ́ náà dára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú dé, omi lé sójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bọ́.

Sẹ̀kínátù fò dìde.

"Ẹ ò rí i bí! Nínú gbogbo wa tá a wà níbí, èmi nìkan lobìnrin yìí ò wọ́ lára rí, èmi nìkan náà ni ò nawọ́! Alàgbà, ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí n bi yín. Pákó orí gọ́tà mi tẹ́ ẹ dá sí méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ló máa bá mi ṣe é?"

Ariwo sọ. Ìyàwó Alàgbà gbójú sókè.

"Mílíìkì," ni Alàgbà wí kíákíá. "Mílíìkì ni mo wá rà."

"Láti inú gọ́tà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ìbàdí tí kò dùn wọ́n mọ́ mú. Ṣùgbọ́n Alàgbà ti ní ká gbàdúrà, gbogbo wọn sì dijú. Tí Nàìjíríà bá ti dijú àdúrà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n ní kí Morọ́lá kó kúrò kí oṣù tó parí.

Ó kó lọ sí Apákun, létí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Inú kẹ̀kẹ́ ló gbé bẹ́ẹ̀dì sí, òun àti Sẹ̀kínátù dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ṣọ́ọ̀bù tó rí gbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọganáísà kan tó ń lẹ táyà, ojú títì ló kọjú sí, kò sì lẹ́yìn: ògiri ni. Kò kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ó fi kọ́tìnnì sí ìdajì, ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó wá fún ìgbà díẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ó ń sunkún tó bá dé ilé, ó sì ń rò ó bóyá kí òun padà sí Ìkọ̀lé. Níkẹyìn, Rùfáì, alábàárù kan tó ń ru ẹrù ọkọ̀ òfuurufú, yà wọlé, ó ní ọrùn òun ò yí mọ́, bóun bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló ń yí bí ọkọ̀ akẹ́rù. Morọ́lá wọ́ ọ. Rùfáì jáde, ó dúró létí títì, ó ń yí ọrùn, ó ń pariwo pé, "Ẹ wo ọrùn mi! Àǹtí yẹn ló ṣe é!" Morọ́lá tí ń gbọ́ ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù fẹ́ ní kó dákẹ́. Ohun tó ti mọ́ ọn lára nìyẹn. Ó wá jẹ́ kó máa pariwo.

Àwọn alábàárù yòókù wá. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n á ní apá kan ṣoṣo ni kó wọ́, kí àwọn san ìdajì. Ọ̀kan ní òun á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà nítorí pé àwọn ará Apákun á jí i. Wọ́n ń jà nítorí ẹni tó kàn, wọ́n ń hanrun, òórùn ara wọn ò ṣeé máa ròyìn. Ṣùgbọ́n iwájú ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ìyá Ṣemílọ́rẹ pè lọ́jọ́ kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọmọ mi, tòsì ti bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé o ò lè yọjú sílé?"

"Mi ò lọ sílé mọ́, mà. Ẹ máa bọ̀ ní Apákun. Tẹ́ ẹ bá ti rí táyà, ẹ ti dé."

"Apákun! Lójú títì? Ẹni tó bá mọ̀ mí ńkọ́?"

"Ẹ kí wọn, mà."

Ìyá náà ní òun máa gbàdúrà sí i. Bóyá ó ṣì ń gbàdúrà sí i, kò tíì dé.

Ẹni tó dé ni ìyàwó Alàgbà Adéjùmọ̀. Ọ̀sán gangan ni, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó bojú wo àwọn alábàárù tó tò síta, ó wo Morọ́lá tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn Rùfáì. Òótọ́ ni pé ojú tì í. Ó dúró díẹ̀ bíi pé á padà. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́. Orúnkún yẹn tún ti dé o."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Àwọn méjì yẹn ló ṣáájú yín."

Obìnrin náà wo àwọn méjì náà. Wọ́n sún fún un. Ó fi ìbòrùn rẹ̀ gbọn eruku orí táyà kan, ó jókòó, ó ní kí fọganáísà bá òun gbé báàgì òun síbi tí kò ti ní í dọ̀tí.